Ẹ̀yà Mánásè: Àwọn Ọmọbìnrin Márùn-ún Tí Wọ́n Bèèrè Ogún Bàbá Wọn

Bíbélì Kíkà: Númérì 26:28-34, 27:1-11, 36:1-12, Jóṣúà 17:1-18
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Númérì 27:7
Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ orírun ẹ̀yà Mánásè, ilẹ̀ tí wọ́n jogún àti bí ìtàn wọn ti lọ, kí a sì rí i pé Ọlọ́run kì í di etí sí ẹjọ́ tí ó tọ́, ìbáà ṣe obìnrin ni ó rò ó.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í ka orí kẹrìndínlọ́gbọ̀n (26) ìwé Númérì dé òpin. Orúkọ ènìyàn àti iye ènìyàn ni ó kún inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn orúkọ náà sì ṣòro láti pè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi sùúrù kà á yóò bá ohun kan pàdé ní ẹsẹ kẹtàlélọ́gbọ̀n (33). Láàárín orúkọ àwọn ọkùnrin ẹ̀yà Mánásè, a dárúkọ obìnrin márùn-ún tí wọ́n jẹ́ ọmọ bàbá kan náà: Mala, Noa, Hogla, Milka àti Tirsa. Ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Bíbélì to orúkọ àwọn márààrún lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí Ọlọ́run bá mú kí a kọ sílẹ̀ nígbà mẹ́rin, ó yẹ kí a dúró wò ó.

1. ORÍRUN MÁNÁSÈ

Ilẹ̀ Íjíbítì ni a ti bí Mánásè. Jósẹ́fù, ẹni tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà sí oko ẹrú, ni bàbá rẹ̀. Asenati, ọmọ Potifera àlùfáà ìlú Oni, ni ìyá rẹ̀ (Gẹ́nẹ́sísì 41:45, 50). Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Jósẹ́fù náà wo ẹ̀yìn wò, ó sì fún àkọ́bí rẹ̀ ní orúkọ tí ó jẹ mọ́ ìgbàgbé, nítorí pé Ọlọ́run ti mú kí ó gbàgbé ìyà tí ó jẹ. Orúkọ ọmọ kejì, Éfúráímù, jẹ mọ́ bíbí sí i ní ilẹ̀ ìpọ́njú.

Nígbà tí Jákọ́bù dàgbà, tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ó gba àwọn ọmọ méjèèjì yìí bí ọmọ tirẹ̀, bí Rúbẹ́nì àti Síméónì ti jẹ́ (Gẹ́nẹ́sísì 48). Ìdí nìyí tí a kò fi máa ń rí ẹ̀yà kan tí ó ń jẹ́ Jósẹ́fù nígbà tí a bá ń pín ilẹ̀. Ẹ̀yà méjì ni ó ti ara Jósẹ́fù jáde. Ní ọjọ́ ìsúre náà, Jákọ́bù gbé ọwọ́ rẹ̀ kọjá ara wọn, ó fi ọwọ́ ọ̀tún lé orí àbúrò, ó fi ti òsì lé orí ẹ̀gbọ́n. Kò dùn mọ́ Jósẹ́fù nínú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ sọ fún un pé òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Ní ọjọ́ náà ni Jákọ́bù fi Éfúráímù ṣáájú Mánásè.

Mánásè bí Makiri, Makiri sì bí Gileadi. Ìwé Kíróníkà Kìíní 7:14 sọ pé ará Síríà ni obìnrin tí ó bí Makiri fún Mánásè. Ẹ kíyè sí i: ará Íjíbítì ni ìyá Mánásè, ará Síríà sì ni ìyá ọmọ rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni obìnrin àjèjì ti ní ipa nínú ìdílé yìí, Ọlọ́run kò sì ta wọ́n nù.

Gileadi ní ọmọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n di olórí agbo ilé: Ieseri (òun náà ni a ń pè ní Abieseri), Heleki, Asrieli, Ṣekemu, Ṣemida àti Heferi. Heferi ni ó bí Selofehadi. Selofehadi kò ní ọmọkùnrin, ọmọbìnrin márùn-ún ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ.

2. KÍKA ÈNÌYÀN NÍ AGINJÙ

Ìgbà méjì ni Mósè ka àwọn ọkùnrin Ísírẹ́lì, láti ẹni ogún ọdún sókè. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ní aginjù Sínáì, àwọn ọmọ Mánásè jẹ́ 32,200, àwọn ti Éfúráímù sì jẹ́ 40,500 (Númérì 1). Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Móábù, ní òdìkejì Jẹ́ríkò, a tún wọn kà. Mánásè ti di 52,700, Éfúráímù sì ti dín kù sí 32,500 (Númérì 26). Kò sí ẹ̀yà mìíràn tí iye tirẹ̀ lé sí i tó ti Mánásè.

Ìdí tí a fi ka wọ́n ní ìgbà kejì ṣe pàtàkì sí ẹ̀kọ́ wa. Ọlọ́run sọ fún Mósè pé gẹ́gẹ́ bí iye orúkọ tí a kà ni kí a fi pín ilẹ̀ Kénáánì (Númérì 26:52-54). Ọkùnrin ni a kà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé tí bàbá ti kú, tí kò sì sí ọmọkùnrin nínú rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan gbà. Àwọn ọmọbìnrin Selofehadi gbọ́ ìròyìn náà, wọ́n sì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí fún wọn.

3. ÀWỌN ỌMỌBÌNRIN SELOFEHADI

Wọn kò jókòó sínú àgọ́ kí wọ́n máa sunkún. Wọn kò lọ máa ráhùn létí omi. Àwọn márààrún dìde pọ̀, wọ́n lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà àgọ́ àjọ, níwájú Mósè, níwájú Eleasari àlùfáà, níwájú àwọn ìjòyè àti gbogbo ìjọ. Ẹ fi ojú inú wo bí ibẹ̀ ti rí ní ọjọ́ náà. Ọkùnrin ni gbogbo àwọn tí wọ́n wá rojọ́ níwájú wọn.

Ẹjọ́ wọn kò gùn, ṣùgbọ́n ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n sọ pé bàbá àwọn kú ní aginjù, pé kò sí nínú ẹgbẹ́ Kora tí ó dìtẹ̀ sí Olúwa, bí kò ṣe pé ó kú nínú ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Wọn kò sọ bàbá wọn di ẹni mímọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jẹ́ kí a ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn sí i lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ìdí tí orúkọ bàbá àwọn yóò fi parẹ́ kúrò nínú agbo ilé rẹ̀ nítorí pé kò bí ọmọkùnrin. Wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ní gbangba: kí a fún àwọn ní ilẹ̀ láàárín àwọn arákùnrin bàbá àwọn.

Kò sí òfin kankan nílẹ̀ tí Mósè lè fi dá ẹjọ́ náà. Kò lé wọn lọ, kò sì sọ pé àṣà kò gbà á. Ó mú ẹjọ́ wọn tọ Olúwa lọ. Olúwa dá wọn láre pé ohun tí wọ́n sọ tọ́, ó sì sọ ọ́ di òfin fún gbogbo Ísírẹ́lì: bí ọkùnrin bá kú tí kò ní ọmọkùnrin, kí ọmọbìnrin rẹ̀ jogún, bí kò bá ní ọmọbìnrin, kí arákùnrin rẹ̀ jogún, bí kò bá ní arákùnrin, kí ó kan àwọn arákùnrin bàbá rẹ̀, bí kò bá sí wọn, kí ìbátan tí ó súnmọ́ ọn jùlọ gbà á. Ẹ rí i pé ọmọbìnrin ti wà ṣáájú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá. Òfin náà kò sọ ọmọbìnrin di ajùmọ̀jogún pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Àwọn àgbà ilé Gileadi padà wá bá Mósè (Númérì 36). Wọ́n ní bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá lọ fẹ́ ọkọ láti inú ẹ̀yà mìíràn, ilẹ̀ Mánásè yóò bá wọn lọ. Ìdáhùn Olúwa ni pé kí wọ́n fẹ́ ẹni tí ó wù wọ́n, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ láti inú ẹ̀yà bàbá wọn. Àwọn márààrún gbà, wọ́n fẹ́ àwọn ọmọ arákùnrin bàbá wọn. Wọ́n jàre ẹ̀tọ́ wọn, wọn kò sì tú ìdílé wọn ká.

4. ILẸ̀ TÍ MÁNÁSÈ JOGÚN

Mánásè nìkan ni ẹ̀yà tí ogún rẹ̀ wà ní ìhà méjèèjì odò Jọ́dánì. Ní ìhà ìlà oòrùn, ìdajì ẹ̀yà náà gba ìhà àríwá Gileadi àti gbogbo Baṣani, ìjọba Ogu tẹ́lẹ̀, níbi tí ọgọ́ta ìlú olódi wà (Diutarónómì 3:4, 13). Baṣani lókìkí fún màlúù sísanra àti igi óákù. Níbẹ̀ ni Golani wà, ọ̀kan nínú àwọn ìlú ààbò fún ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa ènìyàn. Lónìí, ilẹ̀ náà wà ní àríwá Jọ́dánì, ní Òkè Golani àti ní gúúsù Síríà.

Ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, ìdajì kejì gba ilẹ̀ olókè láti odò Jọ́dánì títí dé Òkun Ńlá. Odò Kana ni ààlà wọn pẹ̀lú Éfúráímù ní gúúsù. Ṣekemu, tí a ń pè ní Nablus lónìí, wà létí ààlà náà. Ní àríwá ni àwọn ìlú bíi Megido, Taanaki, Ibleamu, Endori àti Beti-ṣeani wà. Àwọn ará Kénáánì ṣì wà nínú àwọn ìlú wọ̀nyí pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ogun onírin wọn, Mánásè kò sì lè lé wọn jáde. Nígbà tí àwọn ọmọ Jósẹ́fù ráhùn pé ilẹ̀ kò tó, Jóṣúà sọ fún wọn pé bí wọ́n bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gun òkè lọ, kí wọ́n ṣán igbó, kí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ (Jóṣúà 17:14-18).

Ní àsìkò pínpín yìí ni àwọn ọmọbìnrin Selofehadi tún fara hàn. Mósè ti kú. Òfin ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tíì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n lọ bá Eleasari àti Jóṣúà, wọ́n rán wọn létí ohun tí Olúwa pa láṣẹ (Jóṣúà 17:3-4). A sì fún wọn. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan. Ipín mẹ́wàá ni ó kan Mánásè ní ìwọ̀ oòrùn. Agbo ilé márùn-ún nínú mẹ́fà gba ipín márùn-ún. Ti ilé Heferi ni ó kù, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin márùn-ún ni wọ́n sì gba ipín márùn-ún yòókù.

5. BÍ ÌTÀN WỌN TI LỌ

Láti inú ẹ̀yà yìí ni Gídíónì ti jáde, ará Ofra, ti ilé Abieseri. Ó sọ pé ilé òun ni ó rẹlẹ̀ jùlọ ní Mánásè, síbẹ̀ ọkùnrin 300 ni Ọlọ́run fi ṣẹ́gun Mídíánì nípasẹ̀ rẹ̀ (Àwọn Onídàájọ́ 6-8). Ọmọ rẹ̀, Abimeleki, pa àwọn arákùnrin rẹ̀ nítorí oyè. Ní Tebesi, obìnrin kan tí a kò dárúkọ rẹ̀ sọ ọmọ ọlọ lé e lórí láti òkè ilé ìṣọ́, ibẹ̀ ni ìkà rẹ̀ sì parí sí.

Nígbà tí Dáfídì ń sá kiri, àwọn balógun láti Mánásè lọ darapọ̀ mọ́ ọn ní Siklagi. Nígbà tí a ó fi í jọba ní Hébúrónì, ọkùnrin 18,000 wá láti ìdajì ẹ̀yà tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn (Kíróníkà Kìíní 12). Lẹ́yìn Sólómọ́nì, ìjọba pín sí méjì, Mánásè sì wà nínú ìjọba àríwá.

Ní nǹkan bí ọdún 732 kí a tó bí Olúwa wa, Tigilati-pileseri ọba Asíríà kó àwọn ti ìlà oòrùn lọ sí ìgbèkùn. Kíróníkà Kìíní 5:25-26 sọ ìdí rẹ̀: wọ́n ti fi Ọlọ́run àwọn bàbá wọn sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 722, Samáríà tí í ṣe olú ìlú ìjọba àríwá ṣubú. Síbẹ̀, a rí ìyókù. Nígbà tí Hesekáyà ọba Júdà ránṣẹ́ pè wọ́n sí àjọ Ìrékọjá, ọ̀pọ̀ fi ìránṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n àwọn kan láti Aṣeri, Mánásè àti Sébúlúnì rẹ ara wọn sílẹ̀, wọ́n wá (Kíróníkà Kejì 30:10-11). Nínú ìwé Ìfihàn 7:6, orúkọ Mánásè wà nínú àwọn ẹ̀yà tí a fi èdìdì sàmì sí. Títí di òní, àwọn ènìyàn kan wà ní àríwá ìlà oòrùn Índíà tí a ń pè ní Bnei Menashe, tí wọ́n gbà pé ìran Mánásè ni àwọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lọ ń gbé ní Ísírẹ́lì.

6. ÀFỌ́KÙ ÌKÒKÒ TÍ Ó JẸ́RÌÍ

Ní ọdún 1910, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Harvard ń walẹ̀ ní ahoro Samáríà. Wọ́n rí àfọ́kù ìkòkò tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún tí a fi yíǹkì kọ nǹkan sí lára. Ìwé ìṣirò ni wọ́n, láti nǹkan bí ọdún 2,800 sẹ́yìn. Wọ́n sọ iye wáìnì àti òróró tí a kó wá sí olú ìlú, àti àgbègbè tí ó ti wá. Orúkọ agbo ilé méje ti Mánásè hàn lára wọn: Abieseri, Heleki, Asrieli, Ṣekemu, Ṣemida, Noa àti Hogla.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ tún orúkọ méjì tí ó kẹ́yìn kà. Obìnrin ni wọ́n. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n dúró níwájú Mósè, ilẹ̀ tí wọ́n gbà ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn. Akọ̀wé ọba kò ronú nípa ẹ̀tọ́ obìnrin nígbà tí ó ń kọ iye òróró sílẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń pe ibẹ̀ ni ó kọ. Nítorí pé wọn kò fẹ́ kí orúkọ bàbá wọn parẹ́ ni wọ́n ṣe jáde, orúkọ tiwọn náà kò sì parẹ́.

7. Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Èkínní, ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí sọ̀rọ̀, wọ́n sì mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́: níwájú àwọn tí wọ́n lè dá ẹjọ́ náà.

Èkejì, wọ́n ṣe é pọ̀. Bíbélì kò sọ fún wa èwo nínú wọn ni agbẹnusọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí Mala bá ti gba ilẹ̀ nìkan, tí ó gbàgbé Tirsa tí a máa ń dárúkọ kẹ́yìn, ìtàn náà ì bá má dùn.

Ẹ̀kẹta, òfin tí ó wà nínú ìwé kò tíì di ilẹ̀ tí a ń dá oko sí. Ìgbà méjì ni wọ́n lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin ní ìpín nínú ogún bàbá rẹ̀, ìbáà ṣe ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí ni a fi pín in. Ní ọdún 2014, Ilé-ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà sì dájọ́ pé àṣà Ígbò tí ó ń yọ ọmọbìnrin kúrò nínú ogún bàbá rẹ̀ lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè. Òfin wà. Ṣùgbọ́n a mọ bí ó ti máa ń rí nínú ilé: wọn á ní ó ti lọ sí ilé ọkọ, kí ni ó tún ń wá? Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn, kí ó fi ọ̀wọ̀ rán àwọn àgbà létí, kí ó sì tún rán wọn létí.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa obìnrin fúnra wa. Nígbà tí ọkùnrin kan bá kú, kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni ó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ opó. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé obìnrin náà wà níbẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì wọ aṣọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: bí àwọn ọmọ Selofehadi bá kan ilẹ̀kùn ilé wa, ṣé a ó mú ẹjọ́ wọn tọ Olúwa lọ bíi ti Mósè, àbí a ó lé wọn padà? Àwa tí ọkọ wa wà láàyè, ẹ jẹ́ kí á fi sùúrù bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ìwé ìhágún. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ ikú. Ìfẹ́ ni.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó fà á tí kíka àwọn ọkùnrin fi mú àwọn ọmọbìnrin Selofehadi jáde?
2. Kí ni a rí kọ́ nínú bí Mósè ti gbọ́ ẹjọ́ tí kò sí òfin fún?
3. Báwo ni wọ́n ṣe fi hàn ní Númérì 36 pé ẹ̀tọ́ àti ìrẹ́pọ̀ ìdílé lè rìn pọ̀?
4. Ìrànlọ́wọ́ wo ni Ẹgbẹ́ wa lè ṣe fún opó tàbí ọmọ òrukàn obìnrin kan tí ó wà láàárín wa ní oṣù mẹ́ta tí ó ń bọ̀ yìí?

ÀDÚRÀ

Ọlọ́run Jósẹ́fù àti ti Asenati, Ìwọ tí ó gbọ́ ohùn ọmọbìnrin márùn-ún ní aginjù, gbọ́ ohùn àwọn tí a fi ẹ̀tọ́ wọn dù ní ọjọ́ òní. Fún wa ní ẹnu láti sọ̀rọ̀, ní etí láti gbọ́, àti ọkàn tí kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìní. Má ṣe jẹ́ kí orúkọ ilé wa parẹ́ nínú ìwé ìyè, nípasẹ̀ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.